Irùngbọ̀n Káfíńtà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí owú ń fi ojú àgbàlagbà rí, kó lọ bi onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lápá òsì títì, èyí tí wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní búlúù yẹn. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Kì í jalè, kì í na ìyàwó, kò sì fi abẹ tó fi fá ẹnì kan fá ẹlòmíràn rí. Owú ni tirẹ̀. Wọ́n bí ẹ̀rín mọ́ àwọn kan, wọ́n bí orin mọ́ àwọn mìíràn, owú ni wọ́n bí mọ́ òun.

Ọdún méjìlélógún ló fi gẹ irun ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n náà, Káfíńtà náà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Gbogbo Sátidé, kí aago mẹ́wàá tó lù, Káfíńtà á ti dé, á gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á sì jókòó. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àbúrò á tan kílípà, ẹ̀gbọ́n á dijú. Bó bá wá kan àgbọ̀n àti ọrùn, abẹ ni àbúrò máa ń lò, torí ó gbà pé ẹ̀rọ kì í gé e kúnná tó. Káfíńtà á na ọrùn gbọọrọ, á sì sùn lọ. Onígbàjámọ̀ kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun tó fi ń yangàn nínú ara rẹ̀ nìyẹn: pé kò sí ẹlòmíràn láyé tí ẹ̀gbọ́n òun lè sùn níwájú rẹ̀ pẹ̀lú abẹ lọ́rùn.

Ìgbà tó yá ni Ọwọ́-Òwú dé. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Iwájú ṣọ́ọ̀bù búlúù gan-an ló ṣí tirẹ̀ sí, ó fi dígí ṣe gbogbo iwájú rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i, ó sì ra àga kan tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń tẹ̀ ẹ́ tó fi ń lọ sókè. Ká ní àjèjì ni, ì bá tún sàn. Àmọ́ abẹ́ ọ̀gá kan náà ni òun àti onígbàjámọ̀ wa ti kọ́ṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi jọ ń gbá irun nílẹ̀ fún ọ̀gá náà. Bí Ọwọ́-Òwú bá ṣe iṣẹ́ tán, ọ̀gá á mi orí, á ní, "Ọwọ́ ẹ ń gbọ́ràn." Bó bá kan tiwa, á wò ó lọ, á wò ó bọ̀, á ní, "Ìwọ náà ò burú." Ìwọ náà ò burú! Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó ṣì ń ta á létí bíi pé àárọ̀ òní ni.

Ẹ wá wo Sátidé tí mò ń sọ. Aago mẹ́wàá lù, Káfíńtà kò yọjú. Ó di mọ́kànlá. Onígbàjámọ̀ ń gẹ irun ọlọ́pàá kan, ó gbójú sókè, ó rí orí kan nínú dígí òdìkejì títì, tí àga ti gbé sókè. Ó mọ orí náà. Ó mọ àpá tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀ ọ̀tún, ó sì mọ bí irun ibẹ̀ ṣe máa ń hù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́-Òwú di orí náà mú jẹ́jẹ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀, orí náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá tó wà lórí àga ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ bá mi gé etí lọ ni?" Ó tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ìdí irun ọlọ́pàá náà ti lọ sókè lápá kan ju apá kejì lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tó délé, ó ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ bi í ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sọ fún un. Obìnrin náà kọ́kọ́ rò pé eré ló ń ṣe.

"Bàbá wọn," ó ní, "ṣé ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n gẹ irun fún, àbí ìyàwó yín ni wọ́n gbé lọ?"

Lọ́jọ́ kejì, onígbàjámọ̀ gba ibi iṣẹ́ Káfíńtà lọ, níbi tí wọ́n to pákó sí títí kan òrùlé, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fá ẹsẹ̀ àga pẹ̀lú sìgá lẹ́nu. Sìgá yẹn, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ogún ọdún ni, ọ̀kan kì í kú kó má fi tan òmíràn.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí yín lánàá."

"Níbo?"

"Ẹ mọ ibẹ̀."

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, àga ọ̀gbẹ́ni yẹn sì ń gbé èèyàn sókè wẹ́rẹ́. Irun lásán ni. Kí lo wá ń fajú ro sí?"

"Ẹ tún sanwó fún un?"

"Ṣé kí n wá máa gẹ irun lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Irun lásán. Onígbàjámọ̀ gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì, kò sì dà nínú rẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Káfíńtà tún lọ sí òdìkejì. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni onígbàjámọ̀ fi ń nu dígí fèrèsé rẹ̀ tí kò dọ̀tí, kó lè ráyè wo ibẹ̀ dáadáa. Ó ń kíyè sí bí Ọwọ́-Òwú ṣe ń tẹ orí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó ní kò mọ ibi tí irun yẹn ń gbà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Káfíńtà wá sílé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó jókòó, ó tú bọ́tìnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fi ìka kan abẹ́ párì rẹ̀ òsì.

"Bá mi wo ibí yìí," ó ní. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sí àga Ọwọ́-Òwú ló ti rí i. Ó ní kí n lọ fi han dókítà, kò sì jẹ́ kí n sinmi látìgbà náà. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ ná. Ìwọ lo mọ ọrùn mi."

Onígbàjámọ̀ fọwọ́ kàn án. Kókó kan ni, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ó le koránkorán. Ó tẹ̀ ẹ́. "Ṣé ó dùn yín?" Káfíńtà ní kò dun òun rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀gá wọn kọ́ wọn nípa kókó ọrùn, torí ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ, kò sì sí onígbàjámọ̀ tó jáde lábẹ́ ọkùnrin yẹn tí kò mọ̀ ọ́n. Fi ìka méjì ti awọ lọ síwájú, kí o fà á padà. Bí kókó bá bá awọ rìn, tó sì ń dun ẹni tó ni ín, abẹ ló fà á. Fi omi gbígbóná àti sípíríìtì sí i. Bí awọ bá rìn tí kókó sì dúró, tí kò dun ẹni tó ni ín, gbé abẹ sílẹ̀, kí o ní kó máa lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó fi ìka méjì ti awọ. Awọ rìn. Kókó dúró.

Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ lọ kì í ṣe ìbẹ̀rù. Owú ni. Ọdún méjìlélógún lòun fi fá ọrùn yìí, Ọwọ́-Òwú fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, òun ló rí i! Bóun bá sì ní kí ẹ̀gbọ́n òun lọ sílé ìwòsàn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Ọwọ́-Òwú ló mọṣẹ́, òun kàn ń fá irun kiri ni. Ọkàn rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó yára wá ohun mìíràn sọ, ohun náà sì dùn lẹ́nu rẹ̀.

"Abẹ ni," ó ní. "Abẹ tí kò fọ̀ dáadáa ló fi gé yín. Ó mọ ohun tó ṣe, ó wá ń fi dókítà bo ara rẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ mi?"

Káfíńtà rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. "Lóòótọ́, kò sí níbẹ̀," ó ní. Nígbà tó di Sátidé, ó padà sórí àga àtijọ́, inú onígbàjámọ̀ sì dùn débi pé ó ṣí ilẹ̀kùn búlúù yẹn gbayawu kí ará òdìkejì lè rí i.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ ò rí ẹni tó láyọ̀ tó o. Ó ń fi táwẹ̀lì gbígbóná sí ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fi sípíríìtì nù ún, ó ń fi ìpara pa á. Kókó náà kò lọ. Ó tóbi sí i díẹ̀. Ó sọ fún Káfíńtà pé kí irùngbọ̀n kún díẹ̀, kí abẹ má baà máa fọwọ́ kan ibi tó ń jinná. Irùngbọ̀n kún. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ ti wá wọ̀ ọ́. Nítorí kókó ń tóbi lápá òsì, ó ń fi irun apá òsì sílẹ̀ kó nípọn, ó ń gé apá ọ̀tún kó lè bá a dọ́gba, ó ń fi ìyarun yà á sísàlẹ̀, ó sì ń fi àlùmọ́gàjí tẹ́ẹ́rẹ́ dá etí irùngbọ̀n náà títí tí ojú kò fi lè mọ ibi tí ẹran parí sí tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Kókó tó ti tó ẹyin ẹyẹlé, kò sẹ́ni tó rí i. Ìyàwó Káfíńtà pàápàá, tí wọ́n jọ ń sùn, ó ní irùngbọ̀n náà mú kí ọkọ òun dà bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

Nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ irùngbọ̀n náà. Ohùn Káfíńtà há. Ó ní eruku pákó ni, onígbàjámọ̀ sì ní bẹ́ẹ̀ ni, eruku pákó ni. Etí òsì ń dùn ún, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó ń tọ́jú etí yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkankan níbẹ̀. Bó bá mu omi, á tú díẹ̀ dà sí àyà, á fi ọwọ́ nù ún, á sì sọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣòkòtò rẹ̀ ti ń fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó lu ihò tuntun sí ìgbànú, ó sì tún lu òmíràn. Gbogbo rẹ̀ ni onígbàjámọ̀ ń rí. Gbogbo Sátidé ni ọwọ́ rẹ̀ ń kan kókó yẹn, tí ọkàn rẹ̀ sì ń já. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbójú sókè tó rí Ọwọ́-Òwú nínú dígí tó ń wo ọ̀dọ̀ wọn, ìbínú á bò ó, ìbẹ̀rù á sì wábi gbà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdé kan, nígbà tí oníbàárà kò sí, Ọwọ́-Òwú fúnra rẹ̀ ré títì kọjá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Mo rí ẹ̀gbọ́n ẹ," ó ní. "Irùngbọ̀n yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ni. Mi ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa pàápàá ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ẹ gbà mí o, inú onígbàjámọ̀ dùn. Láàárín gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó mọ̀, inú rẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ kó tún un sọ.

"Ṣùgbọ́n kí lo fi ń bò mọ́lẹ̀?" Ọwọ́-Òwú ní. "Ọjọ́ tí mo fọwọ́ kàn án, awọ rìn, kókó kò rìn. Ìwọ náà mọ̀. Jọ̀ọ́, mú un lọ sílé ìwòsàn. Bí ẹ bá dé, kó máa gẹ irun ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ títí ayé. Mi ò ní fọwọ́ kan orí ẹ̀ mọ́ láéláé."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn mú owú náà tán nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owú bá ti wọ ènìyàn lára tán, àánú gan-an a máa dà bí ìwọ̀sí létí rẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbọ́ ọ bíi pé Ọwọ́-Òwú ń fún òun ní ẹ̀gbọ́n òun lẹ́bùn, bí ẹni tó ń fún èèyàn ní ẹ̀wù tó ti wọ̀ gbó.

"Ṣé ìwọ lo bí i?" ó ní. "Àbí ìwọ lo máa sọ ìgbà tí màá fá ọrùn ẹ̀gbọ́n mi fún mi? Kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi."

Ọwọ́-Òwú lọ. Kò gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ilé Káfíńtà ló gbà lọ, ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń sá aṣọ, ó sì ní kó fi ọwọ́ rẹ̀ wá abẹ́ irùngbọ̀n ọkọ rẹ̀ lálẹ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, onígbàjámọ̀ ń to abẹ sínú agolo nígbà tó rí wọn. Ìyàwó Káfíńtà di ọkọ rẹ̀ lápá mú, wọ́n gba iwájú ilẹ̀kùn búlúù kọjá, wọn kò wo ibẹ̀, wọ́n sì wọlé sí òdìkejì. Ó rí i nínú dígí tí àga gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè. Ó rí i tí Ọwọ́-Òwú mú kílípà, tí irùngbọ̀n náà, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà, bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ ní fààfàà. Orí rẹ̀ gbóná. Kò pa ilẹ̀kùn dé, kò wo ọkọ̀ tó ń bọ̀, ó ré títì kọjá pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Dírẹ́bà kan bú u, kò gbọ́. Ohun tó fẹ́ ṣe gan-an, títí dòní kò lè sọ ọ́.

Ó ti ilẹ̀kùn dígí náà, ó wọlé. Kò sẹ́ni tó yí padà. Ìyàwó Káfíńtà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Kílípà ṣì ń dún lọ́wọ́ Ọwọ́-Òwú, ṣùgbọ́n kò fi gé nǹkankan mọ́. Nínú dígí ńlá tó wà lára ògiri, ọrùn Káfíńtà wà ní gbangba. Kókó òsì ti tó ọsàn, awọ tó bò ó pọ́n, ó ń dán. Lábẹ́ rẹ̀, òmíràn. Lábẹ́ ìyẹn, òmíràn tún wà, wọ́n tò sọ̀kalẹ̀ dé egungun èjìká. Lápá ọ̀tún, níbi tó ti ń fi ìgbéraga gé irun kó lè dọ́gba, ọ̀kan tuntun ti ń yọ.

Káfíńtà ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó ti pẹ́ tí òun náà ti rí i kẹ́yìn.

"Ṣé bó ṣe rí nìyí?" ó béèrè. Ojú onígbàjámọ̀ nìkan ló ń wò, nínú dígí.

Ilé ìwòsàn tí Káfíńtà, ìyàwó rẹ̀ àti onígbàjámọ̀ jọ lọ, obìnrin ni dókítà ibẹ̀. Ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó níná lẹ́nu gba imú Káfíńtà wọlé, ó wo ọ̀fun rẹ̀ pẹ́, ó sì jókòó.

"Ìgbà wo ni kókó yìí bẹ̀rẹ̀?" ó bi wọ́n.

Káfíńtà ní kò tíì pẹ́. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn háháhá yẹn, ó sì kọjú sí ògiri. Onígbàjámọ̀ mọ̀ pé òun ni ẹ̀gbọ́n òun ń bò. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ó parí síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Oṣù mẹ́jọ ni, dókítà," ó ní. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó le. Kò dùn ún. Kò rìn."

Ìyàwó Káfíńtà yíjú sí i. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ ló ti ń pè é ní ọkọ òun kékeré, tó ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀.

"Oṣù mẹ́jọ, ọkọ mi kékeré?" ó ní. Ìgbà ìkẹyìn tó pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ya àwòrán àyà àti ọrùn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, dókítà pè wọ́n, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ níwèé, kò fi nǹkankan pa mọ́. Jẹjẹrẹ ni. Ọrùn kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí ahọ́n ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ènìyàn kò lè rí nínú dígí, kò sì dun ẹni tó ni ín níbẹ̀. Ara ní àwọn kókó kéékèèké nínú ọrùn tí wọ́n ń sẹ́ ohun tó bá ń ṣàn kọjá. Àwọn ló kọ́kọ́ gbá a mú. Èyí tí ẹ fọwọ́ kàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó ní. Ìgbà tó kún ibẹ̀ tán, ó sọ̀kalẹ̀ sí èyí tó wà nísàlẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ sí òmíràn, ó sì ré kọjá sí apá kejì. Etí tó ń dùn ún, kò sí nǹkankan nínú etí náà. Iṣan kan náà ló so etí àti ọ̀fun pọ̀. Ní báyìí, àmì méjì ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró.

"Ká ní ìgbà tó wà níbi kan ṣoṣo lọ́rùn la wá?" Ìyàwó Káfíńtà ló béèrè.

"À bá lè lépa rẹ̀ kí ó kúrò pátápátá," dókítà ní. "Ọ̀pọ̀ ló ń yè é tí wọ́n bá tètè wá. Ní báyìí, ohun tí a máa lépa ni kó má yára, kó má dí ọ̀nà oúnjẹ, kó má dí ọ̀nà èémí."

Wọ́n jáde síta. Ìyàwó lọ gba oògùn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jókòó sórí àga gbọọrọ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ nọ́ọ̀sì ń fẹ́ kọjá níwájú wọn.

"Lọ́jọ́ tí mo wá bi ọ́," Káfíńtà ní, "ṣé o mọ̀?"

"Ọwọ́ mi mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló wá dé?"

Ó wá irọ́ tó dára, kò rí. "Mò ń jowú ni," ó ní. "Òun ló kọ́kọ́ rí i. Mi ò lè gbà pé òun ló rí i."

"Mo fi dókítà sílẹ̀," Káfíńtà ní, "mo wá bi ọ́." Ìyàwó rẹ̀ sì ti ń bọ̀ pẹ̀lú oògùn.

Ìtọ́jú oníìtànṣán, iná tí wọ́n ń tàn sí ibi tí jẹjẹrẹ wà, ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ gbà. Wọ́n máa fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rọ ike kan, wọ́n á tẹ́ ẹ sójú àti ọrùn rẹ̀ títí tó fi máa le, kí orí má baà mì nígbà tí iná bá ń tàn sí i. Nọ́ọ̀sì ní irùngbọ̀n tó ti hù padà yẹn gbọ́dọ̀ kúrò mọ́lẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ike náà kò ní jókòó. Ó ní onígbàjámọ̀ tó bá wù wọ́n lè wá fá a.

Ta ló tún kù láti pè? Ọkùnrin wa kò dúró kí wọ́n ránṣẹ́. Ó se abẹ tuntun nínú omi híhó, ó fọ táwẹ̀lì mẹ́ta, ó gé èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ ẹ̀wù funfun. Nínú ọkọ̀ ló ti ń fi ìka fá afẹ́fẹ́, ó ń rò bóun á ṣe gba ẹ̀gbẹ́ kókó náà láì tẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á fá a dáadáa débi tí ẹ̀gbọ́n òun á fi sùn lọ.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó bá Ọwọ́-Òwú níbẹ̀. Ó ti fi ọṣẹ sí àgbọ̀n Káfíńtà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé orí rẹ̀, abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ìyàwó Káfíńtà gbé abọ́ omi dání. Owú gbé onígbàjámọ̀ lọ́kàn bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò fi ẹ̀kan dín. Ojú ti í nítorí rẹ̀, síbẹ̀ owú náà kò lọ.

Ọwọ́-Òwú ló rí i. Ó dúró. Ó nu abẹ náà mọ́, ó yí èèkù rẹ̀ sí onígbàjámọ̀, ó sì nà án sí i.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni," ó ní. "Wá parí ẹ̀."

Onígbàjámọ̀ gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́.

Káfíńtà la ojú. Ó wo àbúrò rẹ̀, ojú náà kò ní ìbínú kankan, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì fi bo ọrùn rẹ̀ lórí ọṣẹ.

"Rárá," ó ní. "Jẹ́ kó parí ẹ̀."

Ọwọ́ onígbàjámọ̀ dúró sójú afẹ́fẹ́. Ó fà á padà. Ìyàwó Káfíńtà wò ó, ó na abọ́ omi náà sí i, torí apá ti ń ro ó. Ó gbà á. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e dání níbi tí Ọwọ́-Òwú ti lè máa ti abẹ bọ̀ ọ́, ó sì rí i tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò lórí ọrùn, tí ojú rẹ̀ padé, tí èémí rẹ̀ wá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí wọ́n tó fá apá ọ̀tún tán, Káfíńtà ti sùn.